Dídáàbò Bo Ọmọ Ẹja Lọ́wọ́ Mẹ́táàlì Olóró Inú Omi: Ìtọ́sọ́nà fún Olùsìn Ẹja ní Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń yọ ọmọ ẹja àrọ̀ ní agbègbè Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ni ó mọ̀ pé àìtó afẹ́fẹ́ inú omi, oúnjẹ tí ó pọ̀ jù, tàbí òtútù òru lè pa ọmọ ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun tí a kì í sábà fura sí ni àwọn mẹ́táàlì tí ó ti yọ́ sínú omi: bàbà, síǹkì, òjé, kádímíọ̀mù, mẹ́kúrì, alumíníọ̀mù, àti irin fúnra rẹ̀. Ní ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń pa ọmọ ẹja, wọn kò tíì yí àwọ̀ omi padà, wọn kò ní òórùn, ahọ́n kò sì lè tọ́ wọn wò, bẹ́ẹ̀ ni àgbà ẹja tí ó wà nínú omi kan náà lè máa jẹun bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí olùsìn ẹja fi lè pàdánù ọmọ ẹja léraléra, tí yóò sì máa di ẹ̀bi náà ru ìyá ẹja, tàbí abẹ́rẹ́ tí a gún un, tàbí ẹni tí ó ta oúnjẹ ẹja fún un, nígbà tí ó jẹ́ pé omi gan-an ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ó yẹ kí àwa tí a wà ní agbègbè yìí fura ju àwọn ẹlòmíràn lọ, fún ìdí mẹ́ta. Èkíní ni pé àpáta líle àtayébáyé ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, omi tí ń jáde láti inú irú àpáta bẹ́ẹ̀ kì í sì sábà ní kálísíọ̀mù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ kálísíọ̀mù inú omi ni ó ń dín oró mẹ́táàlì kù. Bí ọṣẹ bá ń hó wẹ́rẹ́ nínú omi kànga yín, irú omi rírọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹ ní. Èkejì ni wúrà. Láti Igun dé Ìtàgúnmodì títí dé Ìperindó ni àwọn ènìyàn ti ń wa wúrà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ tí a tú àti òkúta tí a lọ̀ sì ń tú mẹ́táàlì tí ó ti wà nínú àpáta sílẹ̀ sínú odò, yàtọ̀ sí mẹ́kúrì tí àwọn kan fi ń kó wúrà jọ. Ẹ̀kẹta ni kòkó: oògùn tí ó ní bàbà nínú ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi ń fín kòkó ní ìgbà òjò nítorí àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú, etí odò kékeré ni wọ́n sì sábà máa ń fọ agolo ìfín wọn sí.

Ohun tí mẹ́táàlì ń ṣe sí ọmọ ẹja

Ẹ̀yà pupa tí ó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja ni ó fi ń mí. Òun kan náà ni ó fi ń fa iyọ̀ àti kálísíọ̀mù tí ara rẹ̀ nílò wọlé láti inú omi, nítorí pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja pọ̀ fíìfíì ju ti omi odò àti ti kànga lọ, ó sì ń jò jáde ní tọ̀sán-tòru. Bàbà máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí iyọ̀ ń gbà wọlé, a sì dí i. Kádímíọ̀mù àti síǹkì a máa dí ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà. Nítorí náà, ẹja tí bàbà ń pa lè wà nínú omi tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ kó sì kú síbẹ̀, nítorí pé iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tán. Àgbà ẹja tóbi, iyọ̀ tí ó wà nínú ara rẹ̀ pọ̀, ó sì lè fara dà á fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ ẹja kò rí bẹ́ẹ̀: ara rẹ̀ tí ó kan omi pọ̀ gan-an sí bí ó ti kéré tó, iyọ̀ tirẹ̀ sì máa ń tán láàárín wákàtí díẹ̀. Àgbà àrọ̀ tún ní ẹ̀yà mìíràn tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òde, èyí tí ó jẹ́ kí a lè gbé e lọ sọ́jà nínú abọ́ tí omi rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ̀yà yìí kò tíì sí lára ọmọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó yọ.

Ẹyin náà kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Èèpo rẹ̀ ń gba díẹ̀ lára mẹ́táàlì dúró, ṣùgbọ́n mẹ́táàlì lè dí èròjà tí ọmọ inú ẹyin fi ń yọ́ èèpo náà láti jáde. Ẹyin àrọ̀ tí omi rẹ̀ gbóná tó ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius yẹ kí ó yọ ní nǹkan bí wákàtí 24. Bí ooru omi bá pé tí yíyọ sì falẹ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọ̀pọ̀ ọmọ bá yọ pẹ̀lú ìrù tí ó tẹ̀, mẹ́táàlì wà lára ohun tí ó yẹ kí a fura sí. Lẹ́yìn yíyọ, ọmọ ẹja máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sínú àpò abẹ́ ikùn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí àpò yìí bá ń tán, tí ẹ̀yà ìmí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún, tí ó sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá oúnjẹ fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn ni omi búburú máa ń ṣe é léṣe jù.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń pani kíákíá. Bàbà díẹ̀ tí kò tó láti pa ọmọ ẹja lè pa agbára ìgbóòórùn rẹ̀, tí kò fi ní rí oúnjẹ tí a dà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òjé ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹja tẹ̀ kí ìrù rẹ̀ sì dúdú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Irin tí ó pọ̀ nínú omi bóhóòlù a máa di èèrí pupa rúsúrúsú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án, èèrí náà a sì bo ẹyin àti ẹ̀yà ìmí ọmọ ẹja. Alumíníọ̀mù burú nígbà tí omi bá kan, ìyẹn nígbà tí pH rẹ̀, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ bí omi ti kan tó, bá lọ sílẹ̀ ju 6 lọ. Ẹ rántí pé alumíníọ̀mù wà nínú álọ́ọ̀mù tí a ń jù sínú omi ìdọ̀tí kí ó lè tòrò, àti pé álọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ tún ń fa pH wálẹ̀. Mẹ́kúrì yàtọ̀ sí gbogbo wọn, a ó sì dé orí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tọ ipa omi dé orísun rẹ̀

Bí ó bá jẹ́ omi odò tàbí ìṣàn kékeré ni ẹ ń lò, ẹ rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gòkè, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ́ẹ̀kan àti lẹ́yìn àkọ́rọ̀ òjò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀ fún wúrà, oko kòkó tí ó sún mọ́ bèbè, ibùdó mẹkáníìkì, ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì mọ́tò àtijọ́, ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin àlòkù, àti ààtàn tí òjò ń gbá wọ odò. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ tí ó wà lókè léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nípa oṣù tí wọ́n ń fín kòkó àti ibi tí wọ́n ti ń bu omi pò oògùn. Ìbéèrè yìí nìkan lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja là, nítorí pé bí ẹ bá ti mọ ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò fín, ẹ lè ti kún táńkì yín ṣáájú kí ẹ sì ti ẹnu omi pa títí òjò méjì tàbí mẹ́ta yóò fi gbá odò náà.

Àkọ́rọ̀ òjò ni ẹ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù jù. Gbogbo eruku àti ìdọ̀tí tí ó ti ń kó jọ sórí òrùlé, ojú títì àti ilẹ̀ oko láti ìgbà ọyẹ́ ni òjò yìí ń fọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi òjò fúnra rẹ̀ kò sì ní kálísíọ̀mù tí ó lè dín oró rẹ̀ kù. Ẹ má ṣe gba omi odò sínú ilé ọmọ ẹja ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Olùlo bóhóòlù àti kànga kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ẹ wo ohun tí ó wà láàárín ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ sí kànga náà, pàápàá bí ó bá jẹ́ kànga tí kò jìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ohun èlò inú ọgbà yín

Ní èrò tèmi, ìgbésẹ̀ yìí ni a ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ ni òun ni àtúnṣe rẹ̀ rọrùn jù. Páànù tí a fi síǹkì bò, táńkì irin tí a fi síǹkì bò, àti páìpù irin àtijọ́ ń tú síǹkì sínú omi, omi rírọ̀ tí ó kan díẹ̀ ni ó sì ń jẹ wọ́n jù. Omi òjò tí a gbà láti orí páànù tuntun kò yẹ fún ẹyin ẹja rárá. Ẹnu ẹ̀rọ tí a fi idẹ ṣe, àti apá inú ẹ̀rọ tí ń fa omi tí a fi idẹ ṣe, ń tú bàbà àti òjé díẹ̀díẹ̀, pàápàá nígbà tí omi bá sùn mọ́jú nínú páìpù. Ẹ lo táńkì rọ́bà, páìpù rọ́bà àti ẹnu ẹ̀rọ rọ́bà láti orísun omi títí dé inú abọ́ ẹyin. Níbi tí èyí kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí omi àárọ̀ ṣàn dànù títí èyí tí ó sùn nínú páìpù yóò fi tán, kí ẹ tó gbà á sórí ọmọ ẹja.

Ẹ má ṣe fi bátìrì rédíò tàbí ti tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ní ẹ̀bá abọ́. Ẹ má ṣe kun inú táńkì kọnkéré ní ọ̀dà tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Oògùn tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú omi náà wà lára èyí. Àwọn kan ń lo kọ́pà sọ́ọ́féètì, òkúta aláwọ̀ búlúù nì, láti fi lé ewédò tàbí kòkòrò ara ẹja. Òfin tí àwọn amọṣẹ́ ń tẹ̀lé ni pé kí a wọn alikalíìnì omi náà, ìyẹn agbára rẹ̀ láti dènà kíkan, kí a sì pín in sí ọ̀nà 100. Ohun tí ó bá jáde ni iye mílígíráàmù oògùn náà tí lítà omi kan lè gbà. Bí alikalíìnì bá wà nísàlẹ̀ 50 mílígíráàmù nínú lítà kan, kò yẹ kí a lò ó rárá, omi ọ̀pọ̀lọpọ̀ kànga wa sì lè wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n yẹn. Fún ọmọ ẹja tí kò tíì pé oṣù kan, èmi yóò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe lò ó, ohun yòówù kí òṣùwọ̀n sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn pH àti líle omi

Ohun ìdánwò méjì yìí kò wọ́n púpọ̀, àwọn tí ń ta ohun èlò ẹja sì máa ń ní wọn: bébà tàbí oògùn tí a fi ń wọn pH, àti èyí tí a fi ń wọn líle omi, ìyẹn iye kálísíọ̀mù àti magnísíọ̀mù inú rẹ̀, tí a ń ṣírò bí ẹni pé kálísíọ̀mù kábọ́nétì ni gbogbo rẹ̀. Wọn kì í wọn mẹ́táàlì olóró, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ bí oró náà yóò ti le tó. Kálísíọ̀mù a máa bá mẹ́táàlì du ààyè lára ẹ̀yà ìmí ẹja. Bí ó bá ti pọ̀ tó nínú omi ni ààyè tí bàbà yóò rí lẹ̀ mọ́ yóò ti kéré tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye sí i. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká fi lélẹ̀ láti dáàbò bo ohun abẹ̀mí inú omi odò, ìwọ̀n bàbà tí kò yẹ kí omi kọjá, kódà fún ìgbà kúkúrú, nínú ìlànà tí wọ́n lò títí di 2007, jẹ́ nǹkan bí 13 máíkírógíráàmù nínú lítà kan nígbà tí líle omi bá jẹ́ 100 mílígíráàmù nínú lítà. Bí líle omi bá jẹ́ 50, ó wálẹ̀ sí nǹkan bí 7. Bí ó bá jẹ́ 20, ó di 3 péré. Máíkírógíráàmù 1000 ni ó wà nínú mílígíráàmù kan ṣoṣo. Ẹ wá fi èyí wé omi mímu ènìyàn: Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà kí bàbà tó 2000 máíkírógíráàmù nínú lítà omi tí a ń mu. Ẹni tí ó bá ń sọ pé omi tí òun ń mu kò lè pa ẹja, kí ó wo iye méjèèjì yìí dáadáa. Ti síǹkì rí bákan náà: níbi líle 100, nǹkan bí 120 máíkírógíráàmù ni ìlànà náà gbà, ti kádímíọ̀mù kò pé 2.

Fún ilé ọmọ ẹja, ẹ jẹ́ kí pH wà láàárín 6.5 sí 8, kí líle omi má sì lọ sílẹ̀ ju 50 lọ. Bí pH bá lọ sílẹ̀, mẹ́táàlì tí ó ti dì mọ́ ẹrẹ̀ tàbí mọ́ páìpù a tún bẹ̀rẹ̀ sí yọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fi ọmọ ẹja díẹ̀ dán omi náà wò

Kí ẹ tó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta ọmọ ẹja sínú omi tí ẹ kò mọ̀, ẹ fi díẹ̀ dán an wò. Ẹ wá abọ́ rọ́bà mẹ́rin tí a kò fi ọṣẹ fọ̀. Ẹ rọ omi tí ẹ ti mọ̀ dájú pé ọmọ ẹja ń yè nínú rẹ̀ sínú èkíní, lítà 10. Ẹ rọ omi tuntun sínú èkejì, ìdajì omi tí ẹ ti mọ̀ àti ìdajì omi tuntun sínú ẹ̀kẹta, kí ẹ sì rọ omi tuntun tí ẹ ti fi láìmù oko (ẹ wo ìgbésẹ̀ kẹfà) mú líle rẹ̀ gòkè sínú ẹ̀kẹrin. Ẹ kó ọmọ ẹja mẹ́wàá-mẹ́wàá tí wọ́n jọ yọ lọ́jọ́ kan náà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí ooru àti afẹ́fẹ́ wọn dọ́gba, kí ẹ sì máa ka òkú ní àárọ̀ àti ní alẹ́ fún wákàtí 96, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin, tí ó jẹ́ iye àkókò tí àwọn onímọ̀ ń lò fún irú ìdánwò yìí jákèjádò ayé. Òkú kò gbọdọ̀ pẹ́ nínú abọ́.

Bí ó bá ju ọ̀kan lọ tí ó kú nínú abọ́ kìíní, ìdánwò náà kò dúró. Ọmọ ẹja yín ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀, tàbí ohun mìíràn ló ṣe wọ́n, ẹ tún un ṣe. Bí abọ́ kìíní bá yè tí èkejì sì kú, omi tuntun kò dára. Abọ́ kẹrin ni yóò wá sọ púpọ̀ fún yín: bí wọ́n bá kú nínú omi tuntun lásán ṣùgbọ́n tí wọ́n yè, tàbí tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kú, nínú èyí tí a fi láìmù sí, ó ṣeé ṣe gan-an pé mẹ́táàlì tàbí kíkan omi ló fà á. Bí omi náà bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó sùn nínú abọ́ gbayawu fún ọjọ́ kan sí méjì kí klórínì inú rẹ̀ lè fò lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, klórínì ni ẹ ó máa dán wò láìmọ̀.

Ìdánwò yìí kò lè sọ ohun gbogbo. Òjé, kádímíọ̀mù àti mẹ́kúrì tí ń ṣiṣẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀ lè má pa ẹnikẹ́ni láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Fún àwọn yẹn, láàbù nìkan ni ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí a ṣe ń gbé omi lọ sí láàbù

Ọ̀nà wa kò jìn. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, ó ní láàbù àpapọ̀ fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, àti ilé ẹ̀kọ́ fún ìmọ̀ àyíká. Kí ẹ tó bu omi, ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì béèrè ohun kan tí ó ṣe pàtàkì ju owó lọ: ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ wo ni ẹ̀rọ yín lè rí fún mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀rọ tí kò lè rí bàbà tí ó kéré sí 50 máíkírógíráàmù yóò kọ ọ́ síwèé pé òun kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni 20 tí ó wà níbẹ̀ ti ń pa ọmọ ẹja yín. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ti fi ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn balẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ẹja ni ẹ ń sìn, pé kì í ṣe omi mímu ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè lo ẹ̀rọ àti ọ̀nà tí ó bá a mu.

Ẹ gba ìgò wọn, nítorí pé wọ́n ti fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fi omi ṣan kò dára tó. Mẹ́kúrì sábà máa ń fẹ́ ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ dárúkọ rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ẹnu ìgò tàbí inú ìdérí rẹ̀. Nínú odò, ẹ dojú kọ òkè odò, kí ẹ bu omi láti abẹ́, kì í ṣe láti ojú, láìru ẹrẹ̀ sókè. Bí omi náà bá ní ẹrẹ̀, ẹ béèrè pé kí wọ́n sẹ́ ẹ kí wọ́n tó fi ásíìdì sí i, nítorí pé ásíìdì yóò yọ́ mẹ́táàlì inú ẹrẹ̀, èsì yóò sì ga ju ohun tí ẹja ń fara gbá lọ. Ẹ gbé ìgò náà sínú kúlà, kí ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ẹ ti bu ú sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dé láàbù lọ́jọ́ náà.

Fún bóhóòlù, ìgò méjì ni kí ẹ bu: ọ̀kan ní kùtùkùtù láti inú omi tí ó sùn mọ́jú nínú páìpù, èkejì lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Bí bàbà tàbí síǹkì bá ga nínú èkíní tí ó sì lọ sílẹ̀ nínú èkejì, páìpù yín ni ó ń fa wàhálà, owó díẹ̀ ni yóò sì tún un ṣe. Bí méjèèjì bá ga bákan náà, láti inú ilẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àtúnṣe omi

Ohun tí kò ṣiṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Mẹ́táàlì kì í fò lọ bí klórínì, nítorí náà jíjẹ́ kí omi sùn kò mú un kúrò. Síse omi ń mú kí ó ki sí i ni, nítorí pé omi ni ń gbẹ, mẹ́táàlì kò gbẹ. Oògùn tí a fi ń pa oró klórínì kò yọ bàbà tàbí òjé tí ó ti wà nínú omi. Afẹ́fẹ́ tí a ń fẹ́ sínú omi kò yọ wọ́n kúrò bákan náà, àfi irin nìkan. Omi bóhóòlù tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ ni kí ẹ máa dà láti òkè bí òjò sínú táńkì kìíní, kí ó sùn di ọjọ́ kejì tí èèrí pupa yóò fi sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì sẹ́ òkè rẹ̀ gba inú yanrìn tí a ti fọ̀ mọ́ bọ́ sí táńkì kejì. Èyí ni iṣẹ́ tí mo máa ń kọ́kọ́ ní kí àwọn ará àdúgbò ṣe, nítorí pé èèrí pupa yẹn a tún gbé díẹ̀ lára àwọn mẹ́táàlì mìíràn dání bí ó ti ń sọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé líle omi sókè. Láìmù oko, ìyẹn kálísíọ̀mù kábọ́nétì, ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe lo láìmù gbígbóná tí àwọn ọ̀mọ̀lé ń lò nínú omi tí ẹja wà, nítorí pé yóò gbé pH ga lójijì, yóò sì jó wọn. Gíráàmù 30 nínú 1000 lítà omi yóò fi 30 mílígíráàmù kún líle lítà kọ̀ọ̀kan nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, ṣùgbọ́n kì í yọ́ kíákíá, nítorí náà ẹ pò ó sínú táńkì ìpamọ́ ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú kí ẹ sì wọn líle omi náà kí ẹ tó lò ó. Ẹni tí kò bá rí láìmù rà lè fọ ìkarahun ìgbín dáadáa, kí ó lọ̀ ọ́, kí ó dì í sínú àpò ihò-ihò, kí ó sì so ó sí ibi tí omi ń bọ́ wọ táńkì; ohun kan náà ni ó wà nínú rẹ̀, ó kàn falẹ̀ jù ni. Bí pH omi bá ti kọjá 8, èyíkéyìí nínú méjèèjì kò ní fẹ́ yọ́ mọ́.

Líle omi ń dín oró bàbà, síǹkì, kádímíọ̀mù àti òjé kù. Kò mú wọn kúrò, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lórí mẹ́kúrì. Bí èsì láàbù bá fi hàn pé mẹ́táàlì ga ní ìlọ́po mélòó kan ju ohun tí ó yẹ lọ láti inú ilẹ̀, ẹ wá omi mìíràn fún ẹyin àti ọmọ ẹja kéékèèké. Omi tí wọ́n nílò kò pọ̀. Ẹ lè máa fi táńkì gbé e wá láti ibi tí ó dára, kí ẹ sì fi omi ilé dúró de ìgbà tí ẹja bá ti dàgbà.

Nígbà tí ikú bá bẹ̀rẹ̀ lójijì

Àìtó afẹ́fẹ́ sábà máa ń pa ẹja ní ìdájí, ẹja á yọ ẹnu sókè, bí ẹ bá sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi, ara wọn yóò balẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ti mẹ́táàlì lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà, pàápàá lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn pípààrọ̀ omi. Ọmọ ẹja á máa mí kíákíá bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ pọ̀, omi yíyọ̀ funfun á bo ara àti ẹ̀yà ìmí wọn, wọn á kọ oúnjẹ, wọn á máa wẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tàbí kí wọ́n máa yí po, wọn á sì dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ abọ́. Ammóníà, ìyẹn oró tí ń jáde láti inú ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó jẹrà, náà lè jọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá ní ohun ìdánwò rẹ̀.

Ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ ti omi tí ń wọlé pa, kí ẹ bu ìgò kan pamọ́ fún láàbù kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ omi tán, ẹ̀rí ti lọ. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi pẹ̀lú omi tí ẹ mọ̀ pé ó dára, tí ooru rẹ̀ bá ti ọmọ ẹja mu. Ẹ fi iyọ̀ tí kò ní áódínì sí i, gíráàmù kan sí méjì nínú lítà kan, kí ẹ ti kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú omi lọ́tọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ sí i nínú omi, èyí tí ń jò kúrò nínú ara ẹja yóò dín kù, ẹ ó sì fi èyí ra àkókò fún wọn. Àwọn tí ó bá yè ni kí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ máa wo ẹ̀yìn wọn. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tẹ̀ kò ní dàgbà dáadáa, kò sì yẹ kí ẹ tà á fún olùsìn mìíràn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹja pípé.

Mẹ́kúrì, àti kòtò wúrà àtijọ́

Mẹ́kúrì tí ó bọ́ sínú odò máa ń rì sínú ẹrẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹrẹ̀ a sì yí i padà sí irú kan tí ara ohun abẹ̀mí ń gbà wọlé wẹ́rẹ́ tí kò sì rọrùn láti tú jáde. Kòkòrò odò a jẹ ẹ́, ẹja kékeré a jẹ kòkòrò, ẹja ńlá a jẹ ẹja kékeré, iye rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i ní ìpele kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé orí àwo oúnjẹ wa. Ìyá ẹja tí ó ti jẹ ẹ́ a máa gbé e sínú ẹyin rẹ̀, ọmọ a sì yọ pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọpọlọ, tí kò ní lè wẹ̀ dáadáa tàbí sá fún ewu. Ní ìlú Minamata ní Japan, níbi tí a ti kọ́kọ́ dá àìsàn tí mẹ́kúrì yìí ń fà mọ̀ lára ènìyàn ní 1956, ẹja ni ó gbé mẹ́kúrì náà wọ ara àwọn ènìyàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe ra ìyá ẹja tí a pa láti inú odò tí wọ́n ti ń fọ wúrà, bí ó ti wù kí ó sanra tó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń ká mi lára púpọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kòtò tí àwọn awakùsà fi sílẹ̀ kún fún omi, ó tutù, ó tòrò, ó sì jọ adágún tí a gbẹ́ tán tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó, nítorí náà ó ń wu àwọn ọ̀dọ́ láti da ọmọ ẹja sínú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dà á kí ẹ tó gbé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò náà lọ sí láàbù, kì í ṣe omi rẹ̀ nìkan, fún mẹ́kúrì, òjé, kádímíọ̀mù àti ásẹ́níìkì, ìyẹn oró mìíràn tí ó lè wà nínú òkúta wúrà. Ní Zamfara, ní 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ ní àyíká ilé pa àwọn ọmọdé tí ó ju 400 lọ. Òkúta ibi kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ibòmíràn, ìdí sì nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ẹrẹ̀ bá mọ́, ẹ tún mú ẹja mẹ́ta nínú èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ sìn níbẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó gbé ìyókù lọ sọ́jà. Ìwọ̀n òjé tí ìlànà oúnjẹ àgbáyé gbà nínú ẹran ara ẹja kò ju 0.3 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ. Èyí tí ó bá kọjá rẹ̀ ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀ jìnnà sí odò, kí ẹ má ṣe fi bọ́ ajá tàbí àrọ̀ mìíràn, kí ẹ sì sọ fún àwọn tí ń bu omi nínú kòtò náà.